Ìlà Kíká Lára Aṣọ Felt: Kí Ni Kò Ní Jẹ́ Kó Dàrú Bí Aṣọ Bá Súnkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Leeds ni mo ń gbé, mo sì máa ń fi felt, ìyẹn aṣọ irun àgùntàn tí a kì í hun, tí a ń fi omi àti ọṣẹ rà títí yóò fi dì, ṣe àwòrán tí a ń fi kọ́ ara ògiri. Mo fẹ́ ṣe ìlà kíká mẹ́ta tó so pọ̀, irú èyí tó wà lára òkúta Newgrange, ibojì àtijọ́ kan ní Ireland, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Àwọn tí mo ti ṣe kò dára: róbótó tí mo tẹ́ di bí ẹyin, funfun ìsàlẹ̀ sì yọ láàárín ìlà dúdú, àfi bí ẹni pé eruku bò ó. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ó sì tọ́ kí n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọnà àwọn Celt, àwọn ẹ̀yà àtijọ́ kan ní Yúróòpù, ni?

Ìdáhùn: Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìṣòro méjèèjì ti wá. Bí ẹ ṣe ń yí aṣọ náà ló sọ róbótó di ẹyin. Ipò tí irun dúdú wà nígbà tí ẹ tẹ́ ẹ ló sì mú kí ìlà ṣá. Ẹ jẹ́ kí a ti orí ìlà bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ló bo fọ́nrán irun àgùntàn, gbogbo wọn ló sì kọjú sí ṣóńṣó irun. Nígbà tí omi àti ọṣẹ bá kàn án, tí ọwọ́ sì ń rà á síwá sẹ́yìn, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan á máa rìn, ìdí rẹ̀ ni yóò ṣíwájú, ìpẹ́ náà kò sì ní jẹ́ kí ó padà; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ́ mọ́ra títí wọn yóò fi di aṣọ. Ìrìn yẹn kan náà ló ń ba ìlà yín jẹ́. Bí irun dúdú bá wà ní títú, irun funfun á gba àárín rẹ̀ kọjá fàlàlà, irun dúdú náà á sì ṣáko lọ sínú funfun.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ ni pé kí wọ́n má ṣe fi irun títú ya ìlà tí wọ́n bá fẹ́ kí etí rẹ̀ mú. Ẹ kọ́kọ́ ṣe prefelt, ìyẹn aṣọ felt tí kò tíì dì tán. Ẹ tẹ́ irun dúdú ní ìpele méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí èkejì dábùú èkíní, ẹ wọ́n omi ọlọ́ṣẹ lé e, kí ẹ sì rọra fi ọwọ́ rà á títí yóò fi ṣeé gbé sókè láìya. Bí ẹ bá fi ìka méjì fà á létí, ó yẹ kí irun díẹ̀ ṣì máa bá ọwọ́ yín wá. Bí kò bá sí èyí tó bá ọwọ́ wá mọ́, ó ti dì jù, kò sì ní lẹ̀ mọ́ aṣọ ìsàlẹ̀ dáadáa. Èyí ni ẹ ó fi sísọ́ọ̀sì gé. Ọ̀já tó tín-ínrín, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ṣeé tẹ̀ yípo bó ti wà. Èyí tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wú ní inú kọ́rọ́, nítorí náà ẹ fi bébà ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ sì gé e ní kíká láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pé prefelt ti súnkì díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbé e lé irun títú, ìsàlẹ̀ yóò súnkì jù ú lọ, ìlà yóò sì hun jọ. Ẹ rà aṣọ ìsàlẹ̀ náà díẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ ìlà lé e. Irú irun kan náà ni kí ẹ lò fún méjèèjì. Merino, irun irú àgùntàn kan tó rọ̀ tó sì tín-ínrín, ló rọrùn jù. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n kọ superwash sí lára, nítorí wọ́n ti sọ ìpẹ́ rẹ̀ di aláìlágbára, kò sì ní dì bí ẹ bá tilẹ̀ rà á di ọ̀la.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ ṣe ìdánwò. Ẹ tẹ́ irun gíráàmù 10 sí igun mẹ́rin tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú àti lóròó, kí ẹ sì ṣe é dé òpin. Ká ní ó di sẹ̀ǹtímítà 14, ìdá 70 nínú 100 ló kù. Ẹ pín 60 sí 0.7, ẹ ó rí i pé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 86 ló yẹ kí ẹ tẹ́, irun ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì tó gíráàmù 145.

Láti ya ìlà kíká tó dọ́gba, ẹ fi àmì méjì sórí bébà, kí sẹ̀ǹtímítà méjì wà láàárín wọn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ́ḿpáàsì lé àmì kìíní, ẹ ya ìlàjì róbótó láti orí àmì kejì; ẹ bọ́ sórí àmì kejì, ẹ ya ìlàjì tó kù láti ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí; ẹ tún padà. Bí ẹ ṣe ń pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, ìlà á máa ká bí ìkarahun ìgbín, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ni yóò sì máa wà láàárín ìká kan àti èkejì. Lẹ́yìn súnkì, á ku nǹkan bíi 2.8. Àlàfo yìí ni kí ẹ máa ṣọ́ ju ìlà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá há, ojú kò ní rí kíká náà mọ́.

Ní ti ẹyin: ọ̀nà tí ẹ bá ń yí aṣọ sí ni yóò ti súnkì jù. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ọṣẹ má pọ̀ débi pé irun á máa yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé ojú iṣẹ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rà á títí ìlà yóò fi lẹ̀ pinpin, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ká a mọ́ ẹní oparun. Ẹ yí i ní ìgbà 50, ẹ tú u, ẹ yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìdámẹ́rin róbótó, ẹ tún yí i ní 50, títí yóò fi yí ká lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ dà á dojú bolẹ̀, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi rúlà wọ̀n ọ́n ní ìbú àti òró: èyí tó bá gùn jù ni kí ẹ tún yí sí. Omi gbígbóná kẹ́yìn. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò, kí ẹ fi fíníǹgà díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn, ẹ fà á sí róbótó lórí táwẹ̀lì, kí ó sì gbẹ ní títẹ́.

Nípa orúkọ, òótọ́ ni pé gbogbo ènìyàn ló ń pe ìlà mẹ́ta yẹn ní ti Celt, pàápàá àwọn tó ń ta ẹ̀gbà ọrùn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 3200 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́ Newgrange, ó sì ju ọdún 2,500 lọ kí iṣẹ́ ọnà La Tène, tí a mọ̀ mọ́ àwọn Celt, tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ pé «láti ara òkúta Newgrange», kò sí ẹni tí yóò bá yín jiyàn. Bí ó bá jẹ́ ti Celt gan-an ni ẹ ń wá, ẹ lọ wo apata ogun Battersea ní British Museum ní London, èyí tí wọ́n rí nínú odò Thames. Ìlà ibẹ̀ kì í fẹ̀ dọ́gba bíi ti Newgrange: á wú, á tín, á tún wú. Láti gé irú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ṣóńṣó prefelt tín ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí funfun á gbé e mì. Bí aṣọ bá ti gbẹ, ẹ gbé e lé fóòmù, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ felt (èyí tó ní eyín wẹ́wẹ́ lára) nọ́ńbà 38 tàbí 40 gún irun dúdú díẹ̀ mọ́ ọn títí ṣóńṣó náà yóò fi mú. Gbọnrangandan ni kí abẹ́rẹ́ wọlé, gbọnrangandan ni kí ó jáde; bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á kán sínú aṣọ.