Abẹ́rẹ́ Àtọ̀gbẹ Ò Jẹ́ Lára Ológbò Mi

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Bódìjà ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní akọ ológbò kan tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó sì sanra dáadáa tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà ọdún Àjíǹde ni kì í ti í kúrò nídìí omi mọ́. Ó ń tọ̀ káàkiri ilé, ó ń jẹun bí ẹni tí kò jẹ rí, síbẹ̀ ṣe ló ń rù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ti ehoro. Dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni. Ó kọ ínsúlínì ProZinc fún un: yúnìtì 2 láàárọ̀, yúnìtì 2 lálẹ́. A wá a títí, ọmọ mi tó wà ní Manchester ló wá fi ìgò kan rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Mo ra sírínjì ínsúlínì ní kẹ́mísì àdúgbò wa. Ó ti lé lóṣù kan báyìí, omi tó ń mu ò dín kù. Mo ti fọwọ́ ara mi gbé e dé 4. Ṣé kí n gbé e dé 6? Bàbá wa náà ní àtọ̀gbẹ, Mixtard, ínsúlínì tiwọn, wà nínú fíríìjì kan náà. Ṣé mo lè máa lò ó fún un bí tiẹ̀ bá tán? Ẹnìkan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní omi ewúro ni kí n máa fún un, pé ta ló ń gún ológbò lábẹ́rẹ́.

Ìyá Jẹ́jẹ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Mà, ẹ kú ìtọ́jú Jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e dé 6. Kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú ìgò oògùn yẹn àti sírínjì kan, ẹ fi awò sójú, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara méjèèjì.

Lára ìgò ProZinc, 40 IU/ml lẹ máa rí. Lára sírínjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé U-100 lẹ máa bá níbẹ̀, torí ìyẹn ni kẹ́mísì ń tà fún àwọn èèyàn tó ní àtọ̀gbẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà yín wà. Ínsúlínì tí àwa èèyàn ń lò, ọgọ́rùn-ún yúnìtì ló wà nínú mílílítà kan, òun ni wọ́n sì fa ìlà ara sírínjì yẹn fún. ProZinc ò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ogójì yúnìtì péré ló wà nínú mílílítà kan tirẹ̀. Bí ẹ bá wá fa ProZinc dé ìlà 2 lára sírínjì U-100, yúnìtì 0.8 ló wọ ara Jẹ́jẹ́. Ìlà 4 tí ẹ gbé e dé, 1.6 ni. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Jẹ́jẹ́ ò tíì gba iye tí dókítà kọ fún un rí. Kò yà mí lẹ́nu pé òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó wá sírínjì U-40 ránṣẹ́. Pupa ni ìdérí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ti U-100 sì máa ń ní àwọ̀ ọsàn, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sí i ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe àwọ̀. Kí ó tó dé, ẹ pe dókítà yín lónìí. Ìṣirò wà tí ó lè fi jẹ́ kí ẹ ṣì lo sírínjì tó wà nílé, ṣùgbọ́n òun ni kó ṣe é, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ọjọ́ tí sírínjì tuntun bá dé gan-an ni ẹ̀rù ń bà mí fún. Ọwọ́ yín ti mọ́ ìlà 4. Lára sírínjì U-40, ìlà 4 jẹ́ yúnìtì 4 gidi, ìlọ́po méjì ohun tí dókítà kọ. Iye tí dókítà bá sọ lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbàgbé 4 pátápátá.

Ti Mixtard bàbá, rárá o. Irú ínsúlínì méjì ni wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí dókítà fi ṣírò fún Jẹ́jẹ́. U-100 sì ni. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá fi sírínjì U-40 fà á dé ìlà 2, yúnìtì 5 ni ológbò máa gbà. Ìyẹn lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé oògùn àwọn méjèèjì sínú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti bàbá ní pẹpẹ òkè nínú fíríìjì, ti Jẹ́jẹ́ ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ gàdàgbà sí i lára. Sírínjì wọn náà, ẹ má jẹ́ kó pàdé.

Mo mọ̀ pé ṣúgà tó ga ló ń kó yín láyà sókè. Èmi, èyí tó bá já wálẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Ṣúgà tó ga máa ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó já wálẹ̀ kì í fún èèyàn láyè. Bí Jẹ́jẹ́ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ ṣú, tó lọ sá pamọ́ tí kò dáhùn orúkọ rẹ̀, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró wọn ẹ̀jẹ̀ kankan. Ẹ fi ìka pa oyin mọ́ èrìgì rẹ̀. Oyin ìgàn dára, glúkóòsì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì tí ẹ fi omi díẹ̀ pò náà dára. Bí gìrì bá ń ṣe é, ẹ má da nǹkan olómi sí i lẹ́nu, kó má bàa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ẹ sì ṣọ́ ìka yín lọ́wọ́ eyín rẹ̀. Bó bá ti sọjí, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà, torí ínsúlínì yẹn ṣì wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kí oyin kékeré kan máa wà nítòsí níbi tí gbogbo ará ilé ti mọ̀.

Oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Wákàtí méjìlá ló yẹ kó wà láàárín abẹ́rẹ́ àárọ̀ àti ti alẹ́: bí ti òwúrọ̀ bá jẹ́ aago méje, ti alẹ́ náà á jẹ́ aago méje. Bí kò bá jẹun, tàbí tó bá bì í, ẹ má gún un títí ẹ ó fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Bí kò bá dá yín lójú bóyá ẹ ti gún un tàbí ẹ ò tíì gún un, tàbí bí oògùn dà sára irun rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tó kàn. Kò sí ohun tí àfojúfò ẹ̀ẹ̀kan máa ṣe é, àmọ́ àgúntúngún lè pa á. Awọ ìhà ni kí ẹ gbé sókè, kí ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò, inú ike líle tó ní ìdérí ni kó máa lọ, torí àwọn ọmọ tó ń ṣa ike àti páànù lórí ààtàn.

Ẹ ò sọ ohun tí ó ń jẹ, ṣùgbọ́n mo mọ ilé wa: èbà tí a fi ọbẹ̀ pò, ìrẹsì àti orí ẹja. Ẹran ni Ọlọ́run dá ológbò láti máa jẹ. Èbà àti ìrẹsì máa ń di ṣúgà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ ò sì mọ ọ̀nà tí yóò fi gbé e kúrò dáadáa. Oúnjẹ ológbò inú agolo tó rọ̀, tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kéré, ló dára jù. Bí owó ò bá tó o lójoojúmọ́, ẹran adìẹ àti ọkàn adìẹ tí ẹ sè láìsí iyọ̀ lè bá a pọ̀. Ẹran nìkan ṣoṣo ò tó o, torí kò ní gbogbo èròjà. Àlùbọ́sà ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ má ṣe yí oúnjẹ padà lójijì láìsọ fún dókítà. Bí ìyẹ̀fun bá dín kù, ínsúlínì tó nílò náà lè dín kù, iye tó tọ́ sí i lóṣù yìí sì lè pọ̀ jù fún un lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ológbò kan tiẹ̀ wà tí a tètè mú ṣúgà wọn bọ̀ sípò, tí wọn ò nílò abẹ́rẹ́ mọ́. Mo ń gbàdúrà kí Jẹ́jẹ́ wà lára wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ febi pa á kó lè fọn. Ebi máa ń ba ẹ̀dọ̀ ológbò tó sanra jẹ́.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Ibi tó tutù níwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius ni oògùn yẹn fẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Ẹ bi ẹni tó gbé e wálé léèrè bóyá ó kan yìnyín lójú ọ̀nà, torí èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́, bó bá tiẹ̀ dára lójú. Bí iná bá lọ pẹ́, kúlà kékeré pẹ̀lú yìnyín tí ẹ fi aṣọ ìnura dì ló ṣeé gbára lé. Ìkòkò amọ̀ tí a fi omi rin máa ń tu nǹkan lára nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, ọ̀rinrin ti pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ Ìbàdàn fún omi ara ìkòkò náà láti gbẹ. Kí ẹ tó fa ProZinc, ẹ yí ìgò náà rọra láàárín àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má gbọ̀n ọ́n.

Ẹ̀rọ tí bàbá fi ń wọn ṣúgà wúlò. Etí ológbò ni a ti ń mú ẹ̀jẹ̀, lẹ́bàá iṣan kékeré tó gba etí náà yípo. Aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbá a mú. Ẹ̀rọ èèyàn sábà máa ń fi ṣúgà ológbò hàn kéré ju bó ṣe jẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ kan náà ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì sọ irú rẹ̀ fún dókítà. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 80 mg/dL, ẹ pè é kí ẹ tó gún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn omi tí ẹ bù sílẹ̀ láàárọ̀ àti èyí tó kù lọ́jọ́ kejì, kí ẹ máa gbé Jẹ́jẹ́ lórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé pélébé tí ẹ bá kọ nǹkan wọ̀nyí sí máa ran dókítà yín lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ pẹlẹbẹ yẹn, ṣúgà ló dé iṣan ara rẹ̀. Ó sábà máa ń gbé e dìde padà díẹ̀díẹ̀ bí ṣúgà bá ti wálẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ fún un ní ewúro ò ro ibi, ṣùgbọ́n ewúro ò lè gba ipò ínsúlínì. Ẹ̀dọ̀ ológbò kì í lè tú ọ̀pọ̀ nǹkan tí tiwa ń tú. Panadol ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á. Ẹni tó bá sì ń bi yín pé ta ló ń gún ológbò lábẹ́rẹ́, ẹ sọ fún un pé èmi náà ń gún wọn.

ÌBÉÈRÈ

Láti Houston ni mo ti ń kọ̀wé, Dókítà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ pé ológbò mi ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní oògùn oníhóró wà dípò abẹ́rẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Bexacat, oníhóró ni. Senvelgo, tó jẹ́ olómi, tẹ̀ lé e ní 2023. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń lò wọ́n, inú ìtọ̀ ni wọ́n sì ń lé ṣúgà gbà. Ológbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn lára rẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣì le, tó ń jẹun, ni wọ́n wà fún. Èyí tó ti ń gba ínsúlínì tẹ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ lò wọ́n, nítorí náà kí Ìyá Jẹ́jẹ́ má wulẹ̀ rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rẹ̀. Kí dókítà yín yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọ oúnjẹ, tó ń bì, tàbí tó rẹ̀ ẹ́ wọ̀ọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣúgà tàn yín jẹ: ṣúgà lè wà ní ìwọ̀n tó dára nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń kún fún májèlé. Ẹ dá oògùn dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹran lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kí ẹ sì dárúkọ oògùn náà fún wọn láti ẹnu ọ̀nà.