Ẹ Bi Wá: Ta Ló Ń Pa Ìjà Ńlá Kó Tó Dé Inú Ríìngì?

Lẹ́tà ẹ̀ṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, àwọn hẹ́fíwéètì, ìyẹn àwọn abẹ̀ṣẹ́ tó wúwo jù, sì ni gbogbo yín ń bínú sí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kó wọn jọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò tíì gbàgbé ti 2021 o. Wọ́n ní Anthony Joshua àti Tyson Fury fẹ́ jà, wọ́n dá ọjọ́, wọ́n dárúkọ ibi tí wọ́n ti máa jà á, mo ti ń fọ́nnu kiri, ìgbà tó yá wọ́n ní kò sí mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Joshua ló sá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sá gan-an?
Èmi ni, Ọmọ Ẹ̀yìn Fẹ́mi

Àbúrò, kò sẹ́ni tó sá. Ìwé ló pa ìjà yẹn. (Fẹ́mi tó ń wí yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, Joshua náà ni, Olúwafẹ́mi wà nínú orúkọ ẹ̀.) Oṣù Kejì 2020 ni Fury lu Deontay Wilder ní Las Vegas, wọ́n ju tówẹ̀lì sínú ríìngì fún Wilder ní ráùndì keje. Àmọ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè rárá ló ti wà nínú àdéhùn wọn pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lè béèrè ìjà kẹta, Wilder sì béèrè. Kòrónà wá dé, gbogbo ayé tilẹ̀kùn, ọjọ́ ń yẹ̀ lórí ọjọ́, àwọn èèyàn Fury bá ní àsìkò tí ìwé dá ti kọjá, wọ́n yíjú sọ́dọ̀ Joshua, torí ibẹ̀ lowó wà, ẹ jẹ́ ká má purọ́ fúnra wa. Àwọn Wilder ò jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé ìwé wọn, wọ́n lọ bá onílàjà tó lágbára láti dá ẹjọ́ náà.

Ẹ wá wo bó ṣe já sí. Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 2021, Sunday ni, Fury gbé fídíò síta pé ó ti parí, òun àti Joshua, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, Saudi Arabia. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, onílàjà náà, Daniel Weinstein, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní Wilder ló jàre, kí Fury lọ bá a jà kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ kan péré o! Ìjà tí wọ́n ti ń dúnàádúrà lé lórí látọdún tó ṣáájú, ìwé kan ló fọ́n ọn ká. Ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n fún Wilder lówó kó yẹ̀ fún wọn, Wilder ò yẹ̀.

Joshua ò wá lè jókòó máa wòran, ẹgbẹ́ WBO, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ni bẹ́líìtì, ti ní Oleksandr Usyk ló kàn án, ló bá bá Usyk jà lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ní pápá Tottenham, Usyk fi máàkì nà án, bẹ́líìtì mẹ́ta lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni Fury àti Wilder jà, ìjà tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀bẹ̀ fún yẹn ló sì wá dùn jù: Wilder lulẹ̀ ní ráùndì kẹta, Fury lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ráùndì kẹrin, Wilder tún lulẹ̀ ní kẹwàá, ó wá sùn sílẹ̀ pátápátá ní kọkànlá. Nítorí náà, tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ bá tún ní ẹnì kan sá, bi wọ́n pé ìwé ta ló wà lọ́wọ́ ta nígbà yẹn. Wọ́n á dákẹ́.

Ọ̀gá, kí ni wọ́n ń pè ní purse bid gan-an? Mo máa ń gbọ́ ọ, mo kàn máa ń mi orí bíi pé ó yé mi ni.
Òǹkàwé yín tó ń mi orí

Hahaha, ìwọ nìkan kọ́. Tí ẹgbẹ́ tó ni bẹ́líìtì bá ti ní kí ọ̀gá bá ẹni tó kàn jà, tí wọn ò sì rí owó sọ láàárín ọjọ́ tí wọ́n fún wọn, ẹgbẹ́ á pe àwọn prọmótà, ìyẹn àwọn tó ń ṣètò ìjà, jọ. Kálukú á kọ iye tó lè san sínú ìwé, á dì í, wọ́n á tú u lójú gbogbo wọn, ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù ló gbé ìjà. Kò sí pé o rí ti ẹnì kejì kó o tún lọ fi kún tìẹ.

Ti Fury àti Dillian Whyte, oṣù Kìíní 2022, ni mo fẹ́ràn láti fi ṣàlàyé. Prọmótà Eddie Hearn kọ dọ́là 32,222,222 (ẹ wo oye méjì-méjì yẹn, bíi pé nọ́ńbà oríire ni). Frank Warren, prọmótà Fury, kọ 41,025,000. Warren gbé e, àmọ́ ó fi mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ẹni tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ dọ́là kan ṣoṣo lé e ì bá tó! Ohun tí ìwé dídì máa ń fojú èèyàn rí nìyẹn. Wọ́n yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fẹ́ni tó bá borí, wọ́n wá pín ìyókù, 80 fún Fury, 20 fún Whyte, tó fi jẹ́ pé Whyte ń lọ sílé pẹ̀lú mílíọ̀nù méje dọ́là lé díẹ̀, Fury ń gbé bíi 29 àtààbọ̀, kẹ́ni kankan tó gbá ẹnì kejì. Inú Whyte ò dùn sí ìpín yẹn rárá, kò tiẹ̀ yọjú síbi ìpàdé oníròyìn àkọ́kọ́, Fury nìkan ló jókòó tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá sí Wembley lóṣù Kẹrin, Fury sì fi ẹ̀ṣẹ́ kan láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n dá a gúnlẹ̀ ní ráùndì kẹfà.

Má sì rò pé gbogbo ẹ̀ lo máa gbé sápò o. Ẹgbẹ́ bẹ́líìtì á gé tiẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀, kóòṣì á gba tiẹ̀, mánẹ́jà á gba tiẹ̀, ìjọba náà ò ní gbàgbé ẹ.

Ṣé òótọ́ ni pé Lennox Lewis àti Riddick Bowe ò jà rí?

Wọ́n jà, àmọ́ kì í ṣe fún owó. Òlíńpíìkì Seoul ní 1988 ni, ìjà àṣekágbá, Lewis dá a dúró ní ráùndì kejì. Nígbà tí Bowe wá di ọ̀gá àgbáyé ní 1992, tí ẹgbẹ́ WBC ní kó lọ bá Lewis jà, ó gbé bẹ́líìtì wọn, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí níwájú kámẹ́rà. Wọ́n bá kó o fún Lewis láìjà. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ kú làákàyè o. Bàbá àwọn ọmọ mi ní gbogbo èébú tí wọ́n ń bú ara wọn kí wọ́n tó jà, eré ni, wọ́n fi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni. Èmi ní rárá. Ẹ bá wa dá sí i.
Ìyá Ìbejì

Màmá Ìbejì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ṣùgbọ́n tiyín ló wúwo jù. Wọ́n ń tà á lóòótọ́. Nígbà tí Mike Tyson àti Lewis jà ní Memphis ní 2002, wọ́n to àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wọ aṣọ yẹ́lò sáàárín ríìngì bí ògiri kí wọ́n má baà kan ara wọn kí agogo tó lù, torí wọ́n ti jà lójú àwọn oníròyìn tẹ́lẹ̀. Ogiri ẹ̀ṣọ́ yẹn, ìpolówó ọjà ni, ó tún jẹ́ ìṣọ́ra gidi.

Àmọ́ ẹ wo Muhammad Ali àti Joe Frazier. Nígbà tí wọ́n gba láísẹ́ǹsì Ali torí pé ó kọ̀ láti lọ sójú ogun, Frazier fún un lówó, ó tún ń bá a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìjà wọn àkọ́kọ́ ní 1971, mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, owó tí abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò kankan ò rí gbà rí nígbà yẹn. Ali bẹ̀rẹ̀ sí í tà á: ó pè é ní ẹrú òyìnbó, ó pè é ní òpè. Frazier gbá a lulẹ̀ ní ráùndì kẹẹ̀ẹ́dógún, ó borí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ò jáde lára ẹ̀. Ní 1974 wọ́n pè wọ́n sí sítúdíò tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n jọ wo ìjà yẹn, wọ́n ṣáà jókòó jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan kan ọ̀rọ̀, wọ́n gbá ara wọn mú lórí ilẹ̀ sítúdíò, wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san 5,000 dọ́là. Kí wọ́n tó wá lọ sí Philippines ní 1975, Ali mú ìnàkí kékeré onírọ́bà kan wá síwájú oníròyìn, ó ní Frazier nìyí, ó ń gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ Frazier náà ń lọ sílé ìwé nígbà yẹn o.

Ráùndì mẹ́rìnlá ni wọ́n jà lọ́hùn-ún nínú ooru yẹn. Ojú Frazier ti wú dí, kò rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ mọ́, Eddie Futch tó jẹ́ kóòṣì ẹ̀ ní ó tó, Frazier ní òun ṣì ń lọ, Futch fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jókòó, ó ní parí ẹ̀ síbẹ̀. Lódì kejì, Ali dìde láti gbé ọwọ́ sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e, ó lọ sílẹ̀ gbalaja. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti ná owó yẹn tán, tí wọ́n bá dárúkọ Ali fún Frazier, inú á ṣì máa bí i. Ẹ bá mi ka ibi yìí fún bàbá àwọn ọmọ.