Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Yunifásítì Wo Ni Yóò Bá Wa Gbé Owó Ẹ̀kọ́ Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú lẹ́tà mẹ́ta tí a yàn nínú àwọn tó wọlé láti Òṣogbo lóṣù yìí: bí ọmọ tó mọ̀wé ṣe lè rí yunifásítì lókè òkun tí yóò gbà á, tí yóò sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí. Ọmọkùnrin mi jáde girama lọ́dún tó kọjá, A1 àti B2 ló sì pọ̀ jù nínú èsì WAEC rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì sọ fún wa pé òun á bá a gba sikọláṣíìpù ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ san owó fún òun, kí a sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé a lágbára láti san gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé wọn kì í gba ọmọ tálákà. Ó ní tí ọmọ bá ti débẹ̀ tán, a óò wá bẹ̀bẹ̀ fún ìrànwọ́. Ṣé òótọ́ ni? Èrè ọjà mi kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀ láé. (Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ajé á wọ igbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san owó kankan fún ọkùnrin yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín kọ irọ́ yẹn sínú fọ́ọ̀mù. Ohun tó ní kí ẹ ṣe yẹn gan-an ló léwu jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ló ní òfin pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò béèrè ìrànwọ́ nígbà tó ń wá ìgbàwọlé kò ní lè béèrè rẹ̀ mọ́ títí yóò fi parí ọdún mẹ́rin rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ̀wé pé àwọn òbí òun lówó, tó wá débẹ̀ tí wọn kò rí i san, ilé ni yóò padà sí, gbèsè ni yóò sì bá a wálé.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣá, ó yẹ kí ẹ mọ ibi tó wà. Àwọn yunifásítì kan wà tí wọn kì í wo àpò òbí rárá nígbà tí wọ́n bá ń yan ẹni tí wọn yóò gbà, ìbáà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ọmọ Òṣogbo. Bí wọ́n bá sì ti gba ọmọ tán, wọ́n á ṣírò ohun tí òbí rẹ̀ lè san, wọ́n á fi owó tiwọn bo gbogbo ìyókù. Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst wà lára wọn. Àwọn mìíràn, bíi Williams àti Macalester (níbi tí Kofi Annan ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní 1961), máa ń bo gbogbo ìyókù bẹ́ẹ̀ náà fún ẹni tí wọ́n bá gbà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ro ti owó mọ́ ọn kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ibẹ̀ ni òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà wà. Àwọn tó pọ̀ jù lọ ni àwọn tí yóò gba ọmọ, tí wọn yóò fún un ní díẹ̀, tí wọn yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òbí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn wọ̀nyí, nítorí pé owó ìjọba tó wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ ilẹ̀ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ràn lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí iye tí wọ́n kọ síwájú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ dẹ́rù bà yín. Nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí owó wọn ga jù lọ ni a ti sábà ń rí èyí tó ń gba owó kékeré jù lọ lọ́wọ́ ìdílé tí kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ má wá sikọláṣíìpù orí pípé lọ sí Harvard tàbí Yale, kò sí níbẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wọ ibẹ̀ ló mọ̀wé, nítorí náà agbára ìdílé nìkan ni wọ́n fi ń pín owó. Bí ẹ bá fẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ nítorí ọpọlọ àti ìwà rẹ̀, láìwo àpò òbí, ẹ wo ibi bíi Vanderbilt, tàbí ètò Morehead-Cain ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, tó ti wà láti 1945, tó sì ń gbé gbogbo ìnáwó ọdún mẹ́rin. Àwọn tó ń rí i gbà kò pọ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ibi tí àwọn oníṣòwò wa ti máa ń kọsẹ̀ jù ni fọ́ọ̀mù owó, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lo fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní CSS Profile, tí a ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 25 dọ́là ni wọ́n ń gbà fún yunifásítì àkọ́kọ́ tí a bá fi í ránṣẹ́ sí. Àwọn kan ń gba èyí tí wọ́n ń pè ní ISFAA dípò rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí ọmọ yín kọ̀wé sí yunifásítì kọ̀ọ̀kan, kó béèrè bóyá wọ́n ń gba ISFAA, tàbí bóyá wọ́n lè fún òun ní kóòdù tí òun yóò fi kọ CSS Profile láìsan kọ́bọ̀.

Nínú fọ́ọ̀mù yìí ni wọn yóò ti béèrè iye tó ń wọlé fún yín lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ ń ta aṣọ 1,000,000 náírà lóṣù, tí gbogbo owó náà sì ń gba inú àkáǹtì yín kọjá. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì ní Massachusetts tó ń wo ìwé báńkì yín, 12,000,000 náírà lọ́dún ni yóò rí, yóò sì rò pé owó yín ni. Bẹ́ẹ̀, nínú rẹ̀ ni ẹ ti yọ owó tí ẹ fi ra ọjà, owó ọkọ̀ láti Èkó, owó ṣọ́ọ̀bù, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, àti owó ọmọ tó ń bá yín ta á. Bí ó bá ku 110,000 náírà lóṣù, ìyẹn 1,320,000 náírà lọ́dún, èyí ni owó tó wọlé fún yín, òun sì ni kí ẹ kọ. Kí ọmọ yín wá kọ lẹ́tà ojú ìwé kan tí yóò ṣe ìṣirò náà láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ sí i, kí ẹ sì bẹ ìyálọ́jà tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín kó kọ tirẹ̀ tì í pé òun mọ òwò yín. Ẹ ka gbogbo ẹni tí ẹ ń bọ́: àwọn àbúrò rẹ̀ tí ẹ ń san owó ilé-ìwé fún, àti ìyá yín bó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló ń wò. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tàbí ilé, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Òótọ́ tí a ṣàlàyé dáadáa ló ń mú owó jáde, mo sì fẹ́ kí gbogbo ìyá ọlọ́jà tó ń ka ìwé yìí mọ̀ pé àìní ìwé owó-oṣù kò sọ ọmọ wọn di ẹni tí kò tọ́ sí ìrànwọ́.

Ní ti ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì EducationUSA ní Èkó àti Àbújá. Wọn kì í gba owó ìmọ̀ràn, wọ́n sì ní ètò kan, Opportunity Funds, tó máa ń bá ìwọ̀nba ọmọ tó mọ̀wé tí kò lówó san owó ìdánwò àti owó ìforúkọsílẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó ná ohunkóhun, ẹ ka ohun tí mo sọ nípa físà nínú ìdáhùn kẹta.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Òkè-Fìà. Ọmọbìnrin mi ti rí ìgbàwọlé ní yunifásítì aládàáni kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fún un ní sikọláṣíìpù 24,000 dọ́là lọ́dún. Gbogbo ẹbí ń yọ̀, a tilẹ̀ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àpapọ̀ ìnáwó tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà náà jẹ́ 61,000 dọ́là lọ́dún. Àwọn ará ilé ní kí n ta ilẹ̀ bàbá mi, kí ọmọ máa lọ. Kí ni ẹ rí sí i? (Bàbá Olùkọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, bàbá wa, ọmọ yín yege lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú bírò. Bí a bá yọ 24,000 kúrò nínú 61,000, 37,000 dọ́là ló kù fún yín láti san lọ́dún. Ní ọdún mẹ́rin, ó di 148,000 dọ́là, bí wọn kò bá fi kún owó rárá, wọ́n sì sábà máa ń fi kún un. Ilẹ̀ tí ẹ bá tà lè san ọdún kan. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi àwọn ará ilé ni pé kí ni ẹ ó tà lọ́dún kejì. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé ọmọ á máa ṣiṣẹ́ san án níbẹ̀. Inú ọgbà yunifásítì ni físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, sábà ń fàyè gba iṣẹ́, kò sì ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Owó oúnjẹ àti ìwé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì aládàáni níbẹ̀ ló máa ń fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n bá gbà ní irú sikọláṣíìpù báyìí, tó fi jẹ́ pé ẹ̀dínwó lásán ni. Ẹ lè fi ojú ara yín rí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ kọ orúkọ yunifásítì náà sórí Google, kí ẹ fi "Common Data Set" tẹ̀lé e. Ìwé gígùn kan ni, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ẹ lọ sí abala H, kí ẹ wá H6. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ bóyá wọ́n ń ran ọmọ ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́, iye ọmọ tí wọ́n ràn lọ́wọ́, àti àpapọ̀ owó tí wọ́n ná lé wọn lórí. Ẹ fi iye ọmọ pín owó náà, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rí gbà. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 61,000, ààyè wà láti bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 24,000 náà ni, ibi tí agbára wọn mọ nìyẹn.

Kí ọmọ wa kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó wọn lọ́sẹ̀ yìí. Kó dúpẹ́, kó sọ iye tí ìdílé lè san gan-an, kó so ìwé owó-oṣù yín mọ́ ọn, kó sì fi ohun tí yunifásítì mìíràn fún un hàn wọ́n bó bá ní in. Kó tún béèrè máàkì tí òun gbọ́dọ̀ máa ní kí sikọláṣíìpù náà má baà já. Ẹ má tíì san owó ìdúró, ìyẹn owó tí a fi ń di ààyè mú. Ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń retí kí ọmọ fèsì bóyá òun yóò wá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé bí iye náà bá dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ má gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nígboro tí wọ́n ń yá òbí lówó sínú àkáǹtì fún oṣù díẹ̀ kí ìwé I-20 (èyí tí yunifásítì ń fún ọmọ láti fi wá físà) àti físà lè jáde. Ẹ má sún mọ́ wọn, nítorí ayédèrú ẹ̀rí owó lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ọmọ yín títí ayé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. SS2 ni mo wà, ní Ayétòrò. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo fẹ́ kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ṣé kí n jáwọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́)

ÌDÁHÙN: Má jáwọ́, ọmọ wa, àmọ́ má fi ojú sí ibì kan ṣoṣo. Ìkéde tí Ààrẹ Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá físà wọn dúró lápá kan, físà akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára rẹ̀. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè yí padà kí o tó jáde girama, ó sì lè má yí padà. Máa wo ojú ewé ẹ́ḿbásì wọn fúnra rẹ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Gánà, Yunifásítì Ashesi wà ní Berekuso, wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹnjiníà níbẹ̀, wọ́n sì ń fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrànwọ́ owó. Patrick Awuah tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002, sikọláṣíìpù ni òun náà fi ka ìwé ní Swarthmore ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Gánà. Ní Kánádà, Yunifásítì Toronto ní sikọláṣíìpù Lester B. Pearson fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ó ń gbé owó ẹ̀kọ́, ìwé àti ilé gbígbé fún ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ ránṣẹ́, ìwọ kò lè dá a ṣe. Bí ọ̀nà Amẹ́ríkà bá ṣí, fi Kọ́lẹ́ẹ̀jì Berea ní Kentucky kún un: láti 1892 ni wọn kò ti gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà fún wákàtí 10 ó kéré tán lọ́sẹ̀. MIT àti Harvard ti dá òfin pé kí ọmọ ṣe SAT, ìdánwò ìgbàwọlé àwọn ará Amẹ́ríkà, padà, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ fún un. Ìparí ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, èkejì sì sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní.

Má fi JAMB ṣeré pẹ̀lú. OAU wà ní Ilé-Ifẹ̀, UNIOSUN wà nílé níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba sì lè béèrè owó yíyá NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin 2024. Kò ní èlé, yunifásítì ni wọ́n sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún tààrà.

Èyí tí o lè ṣe lọ́la ni pé kí o kó gbogbo ìwé èsì rẹ jọ láti táàmù àkọ́kọ́ ní SS1. Wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ hàn ketekete, bóyá ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ sí i, bóyá orúkọ rẹ bá èyí tó wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ mu. Èyí tó bá sọnù, lọ bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn nísinsìnyí tí àwọn olùkọ́ tó kọ ọ́ ṣì wà níbẹ̀, kí o sì sọ fún ọ̀gá àgbà nígbà kan náà pé o fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí Toronto.