Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Màlúù Mélòó Ni Éékà Méjì Lè Bọ́?

Lẹ́tà mẹ́rin la mú lóṣù yìí. Gbogbo wọn ló dá lórí sísin màlúù díẹ̀ nínú ọgbà kékeré, nítorí ìfẹ́ ẹran ọ̀sìn, láìjẹ́ pé a fẹ́ fi ṣòwò. Dókítà ẹran tó máa ń bá wa dáhùn ìbéèrè ló fèsì sí wọn.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ní ilẹ̀ éékà méjì lẹ́yìn ilé mi nítòsí Ìlọrá, koríko sì kún ibẹ̀ bámúbámú báyìí. Láti kékeré ni màlúù ti ń wù mí. N kò fẹ́ pa wọ́n, n kò sì fẹ́ tà wọ́n. Mo kàn fẹ́ máa jí rí wọn láàárọ̀ ni. Mo ní i lọ́kàn láti ra márùn-ún lọ́jà Akínyẹlé, nínú àwọn funfun oníwo gígùn wọ̀nyẹn. Ǹjẹ́ ilẹ̀ mi yóò gbà wọ́n? (Bàbá Olùkọ́, Ìlọrá)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn. Márùn-ún ti pọ̀ jù, àwọn funfun oníwo gígùn náà kọ́ sì ni mo máa ní kí ẹ rà. Koríko tí ẹ ń wò báyìí, koríko ìgbà òjò ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò sọ iye màlúù tí ilẹ̀ yín lè bọ́ fún yín, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, nígbà tí eèsún bá ti gbó tí kò ṣeé jẹ mọ́, tí iná ìgbẹ́ sì ti jó èyí tó ṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Màlúù máa ń jẹ koríko tútù tí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́. Abo màlúù funfun tí ẹ ń sọ yẹn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní White Fulani, sábà máa ń wọn 300 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Koríko 30 kílò nìyẹn lójúmọ́ fún ẹyọ kan, àti 150 kílò fún márààrún. Ẹni tó bá ti fi àdá gé koríko rí, tó sì fi orí rù ú wálé, mọ ohun tí 150 kílò jẹ́. Éékà méjì tí a kò gbin oúnjẹ ẹran sí kò lè bọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn yípo ọdún.

Nǹkan kejì ni eṣinṣin tsetse. Eṣinṣin yìí ló ń kó àrùn tí àwọn Fúlàní ń pè ní sámórè ran màlúù: kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, tó máa ń mú kí ẹran rù, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ títí yóò fi ṣubú. Màlúù tó ní iké lẹ́yìn, bíi àwọn funfun yẹn, kì í lágbára láti bá a jà. Òun ló fà á tí àwọn darandaran àtijọ́ fi máa ń kó ẹran wọn padà sí Òkè Ọya ní ìgbà òjò, nígbà tí eṣinṣin náà bá ń tàn ká. Ẹni tí yóò so ẹran mọ́ ojú kan lẹ́bàá odò tàbí igbó, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ní láti wá irú èyí tí ara rẹ̀ ti mọ àrùn náà.

Irú rẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Muturu ni àkọ́kọ́ wọn: kò ní iké, ìwo rẹ̀ kúrú, kò sì ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ. Èyí tó bá ti dàgbà nínú wọn kì í sábà kọjá 200 kílò, nítorí náà koríko 20 kílò lójúmọ́ ti tó o. Keteku tẹ̀ lé e, tó wá láti apá ilẹ̀ Ìbàrùbá. Àdàpọ̀ Muturu àti màlúù oníké ni, ó tóbi ju Muturu lọ, ó sì ń fara da sámórè dé ìwọ̀n àyè kan. Ẹ̀kẹta ni N'Dama, tí orírun rẹ̀ wà lórí àwọn òkè Guinea. Bó bá jẹ́ èmi, abo Muturu méjì ni mo máa rà. Kò ní fún yín ní wàrà tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ kàn fẹ́ máa jí rí wọn ni. Ẹ má sì ra ẹyọ kan. Ẹran tó ń gbé nínú agbo ni màlúù. Bó bá dá wà, yóò máa ké tọ̀sán-tòru, yóò sì máa wá ọ̀nà láti já wáyà lọ bá ẹran ẹlẹ́ran.

Bí ẹ bá fẹ́ kí éékà méjì náà bọ́ méjì yìí láìsí ìyọnu, ẹ má dà wọ́n sórí gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ya bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sọ́tọ̀ fún eèsún tí ẹ óò máa gé fún wọn. Ní ìgbà òjò, ẹ lè gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ síra, kí ó tó gbó. Ẹ pín èyí tó kù sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹran máa jẹ apá kan nígbà tí àwọn yòókù bá ń sinmi. Ní ti ọgbà, ẹ ki igi agúnmániyè mọ́lẹ̀ yí i ká ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí ẹ sì ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún mọ́ ọn lára nígbà tó bá ti fìdí múlẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ tí a bá gé gún ilẹ̀ máa ń hù fúnra rẹ̀, ewé rẹ̀ sì ń ṣara lóore gan-an fún ẹran. Àwọn onímọ̀ tó wà ní Ìbàdàn ti ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn láti gbìn ín láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú. Ẹ jẹ́ kí ewé náà rọ díẹ̀ kí ẹ tó fún wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹran kì í fẹ́ òórùn rẹ̀ nígbà tó bá tutù.

Ní ìparí òjò, ẹ gé eèsún tó kù wẹ́wẹ́, kí ẹ kì í mọ́ inú àpò ọ̀rá tó nípọn tàbí dírọ́ọ̀mù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì dè é pinpin. Yóò kan díẹ̀ bí ògì, kò sì ní bàjẹ́ títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ẹ máa gba ewé ẹ̀pà, pòpórò àgbàdo àti eèrí ògì lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Ohun tí wọ́n ń dà nù ni. Kí iyọ̀ àti omi mímọ́ má wọ́n wọn láé, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má jẹ́ kí alágbàtà fi ọ̀rọ̀ dùndùn bò yín mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n la ẹnu ẹran náà. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò: bí eyín ńlá méjì bá ti yọ láàárín àwọn wẹ́wẹ́, ó ti tó bí ọmọ ọdún méjì, bí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti di ńlá, ó ti tó mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n, ó dára; bó bá funfun bíi bébà, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, kí ẹ má rà á. Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti àárín itan, níbi tí eégbọn máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ dúró tì í díẹ̀: ẹran tí ara rẹ̀ dá máa ń dùbúlẹ̀ jẹ àpọ̀jẹ, imú rẹ̀ yóò tutù, yóò sì máa fi ìrù lé eṣinṣin.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Abo méjì ni mo ní. Ṣé dandan ni kí n ra akọ kí wọ́n tó lè bímọ? (Ìyá Àgbẹ̀, Ìwó)

Ìdáhùn: Rárá, Ìyá. Akọ màlúù tí kò ní iṣẹ́ ju abo méjì lọ yóò máa jẹun lásán ni, ó sì léwu fún àwọn ọmọdé inú ilé. Ẹ wá ẹni tó ní akọ tó dára, kí ẹ sì san owó díẹ̀ fún un nígbà tí ọ̀kan nínú abo yín bá ń wá akọ. Nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlélógún síra ni ó máa ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í sábà pẹ́ tó ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ máa wò wọ́n ní ìdájí àti ní àṣálẹ́. Bí ọ̀kan bá ń gun èkejì tí èkejì sì dúró jẹ́ẹ́, èyí tó dúró ni ara rẹ̀ ti ṣe tán. Oyún wọn ju oṣù mẹ́sàn-án lọ díẹ̀.

Àwọn kan lè sọ fún yín pé kí ẹ fi abẹ́rẹ́ gbin àtọ̀ màlúù òyìnbó sínú abo yín, kí ọmọ lè tóbi. Bó bá jẹ́ Muturu lẹ ní, ẹ má gbà. Ọmọ tó tóbi ju ìbàdí ìyá rẹ̀ lọ ni mo ti rí tó pa ìyá, tí òun náà sì kú.

Ìbéèrè: Dókítà, màlúù mi kan jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tútù nídìí ẹ̀rọ gàárì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń mí gúlegúle, ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará ilé ní ká tètè là á ká pín ẹran rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? (Aláìnímọ̀ràn, Ṣakí)

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù o. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú, èyí tí ẹ̀gẹ́ kíkorò ní sì pọ̀ jù. Bó bá dé inú ẹran, kò ní jẹ́ kí ara rí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lò. Ìdí nìyẹn tó fi ń mí gúlegúle. Èyí yàtọ̀ sí kí inú ẹran wú, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni inú wíwú máa ń tì síta.

Oúnjẹ tó dára ni èèpo ẹ̀gẹ́ bó bá gbẹ. Ẹ sá a sórí sìmẹ́ńtì mímọ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí oòrùn mú dáadáa, títí yóò fi máa dún lọ́wọ́, kí ẹ sì da èyí tó bá ti bu funfun nù. Àwọn oníwádìí ILRI, iléeṣẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn fi ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ han àwọn ènìyàn: kí a rin èèpo náà, kí a fún omi rẹ̀ kúrò bí a ti ń ṣe gàárì, kí a tó sá a.

Ní ti ẹran tó kú lójijì, ẹ má là á, ẹ má sì pín ẹran rẹ̀, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ mọ ohun tó pa á. Nínú oṣù keje ọdún 2023 ni wọ́n fìdí àrùn anthrax múlẹ̀ nínú ẹran ọ̀sìn lágbègbè Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger, àrùn náà sì ń pa ènìyàn. Ẹran tí anthrax bá pa lè máa ṣẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì láti imú tàbí ihò ìdí. Bí a bá là á, kòkòrò rẹ̀ yóò dà sínú ilẹ̀, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹ pe dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn tó kù. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom ló ń ṣe é, lẹ́bàá Jos.

Ìbéèrè: Màlúù mi já okùn, ó sì jẹ ẹ̀gẹ́ aládùúgbò mi. Ó ní òun yóò fi ọlọ́pàá mú mi, pé òfin ti ka màlúù sísìn léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣé òótọ́ ni? (Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn, Ìsẹ́yìn)

Ìdáhùn: Òfin tí wọ́n ṣe ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 2019 kò ní kí ẹnikẹ́ni má sin màlúù. Dída ẹran kiri ní gbangba ló ń bá jà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà ní Èkìtì láti ọdún 2016, Oǹdó àti Èkó sì ṣe tiwọn lọ́dún 2021. Ẹran tó wà nínú ọgbà rẹ̀ kò ní ẹjọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fi okùn so mọ́ èèkàn létí títì, tó sì lè já a nígbàkígbà, ẹnu aráyé àti ti ọlọ́pàá kò ní yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ń dà kiri. Wáyà ìlà mẹ́rin ló yẹ kí ó yí i ká, kí ilé ẹran náà sì jìnnà sí kànga, ó kéré tán, mítà 30, kí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti eṣinṣin má baà di ẹjọ́ mìíràn. Owó ẹ̀gẹ́ aládùúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ san, níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ tó lọ ra wáyà.