Ẹ̀mí márùn-ún ò wúlò fún ayò

Àbúrò, o ní o ń ṣe géèmù ayò fún fóònù Android, o sì ń béèrè bóyá kó o fún àwọn tó ń ta á ní ẹ̀mí márùn-ún, ìyẹn àǹfààní láti kùnà lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí wọ́n máa dúró bó bá tán, bíi ti géèmù Candy Crush. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí màbo.

Ní Candy Crush, ẹ̀mí 5 lo ní, ọ̀kan á sì máa padà wá ní ìṣẹ́jú 30-30. Ó bá ibẹ̀ mu, torí àlọ́ ni ipele kọ̀ọ̀kan. O kùnà, o gbé fóònù kalẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ ṣì wà lára midinmíndìn méjì tó kù kó o borí. Ìdúró yẹn gan-an ló ń pè ọ́ padà. Ìjà ni ayò ní tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí wọ́n pè ní ọ̀pẹ, fẹ́ gbẹ̀san lójú ẹsẹ̀. Mo gbé tèmi fún àwọn bàbá tó máa ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa. Ọ̀kan nínú wọn pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún, ni fóònù bá ní kó lọ sinmi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀: "Ṣé fóònù ló ń lé mi lọ sílé ni?" Ló bá fa ọpọ́n onígi rẹ̀ yọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí géèmù Flappy Bird. Ẹyẹ forí sọ ọ̀pá, o fọwọ́ kan fóònù, ó tún ti ń fò. Dong Nguyen, ọmọ Vietnam tó ṣe é, ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ ní oṣù kejì ọdún 2014, ó ní ó ti di bárakú fáwọn èèyàn. Mo yọ ẹ̀mí kúrò, mo wá fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo síbẹ̀: "Tún un ta."

Ohun tó gbà mí tó oṣù mẹ́ta kó tó yé mi ni ìkánjú. Ihò 12, ọmọ ayò 48. Bí fóònù bá gbé odù kan, ìyẹn ọmọ ayò tó ti pọ̀ jọ sínú ihò kan, tó tú gbogbo rẹ̀ ká ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó ń wò ó ò rí nǹkan kan, ó kàn rí i pé wọ́n ti jẹ òun. Mo wá jẹ́ kó máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìró tí mo gbà sílẹ̀ lára ọpọ́n bàbá mi. Kó, kó, kó. Kí èyí tó gbẹ̀yìn tó balẹ̀, wọ́n ti ń kà á lẹ́nu, wọ́n ti mọ̀ bóyá méjì tàbí mẹ́ta ni yóò pé níbẹ̀. Ibẹ̀ ni adùn wà, kí wọ́n tó jẹ rárá.

Fóònù mi tún le jù. Kò sẹ́ni tó lè pa á, ta ló sì fẹ́ jẹ́ ọ̀pẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú? Mo jẹ́ kó máa ṣìṣe díẹ̀ bí èèyàn bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ẹ̀tàn ni? Bóyá. Ọ̀ta gidi, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, náà máa ń rọra fún ọmọdé. Bí fóònù bá sì borí, mo jẹ́ kó ṣẹ̀fẹ̀: "Ọ̀pẹ, lọ ra iyọ̀ wá fún ìyá rẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp.

Ẹ̀bùn ojoojúmọ́ ńkọ́? Iye àwọn tó ń ṣí i lóòjọ́ gòkè, inú mi dùn, àfìgbà tí mo wò ó dáadáa: wọ́n ń gba owó ẹyọ, wọ́n ń jáde, wọn ò ta ọpọ́n kan. Ìpolówó ọjà, ẹ̀yìn tí ọpọ́n bá parí ni kó o fi sí, má fi sí àárín rẹ̀ láéláé. Sì jẹ́ kó ṣeé ta láìsí dátà.

Bó o bá ti ní èyí tó lè ṣiṣẹ́, má tíì gbé e lọ sórí Play Store. Wá bàbá kan tó mọ ayò, fún un ní fóònù, pa ẹnu mọ́, kó o máa wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ibi tó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni kó o tún ṣe.