Ẹ BI WÁ: Ìka kọ́ ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ kọ́ọ̀fù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì pàjáwìrì ni mí nítòsí Ring Road. Bí wọ́n bá ti ki túùbù èémí bọ aláìsàn lọ́fun, wọn a fi sìrìǹjì fún afẹ́fẹ́ 10 ml sínú kọ́ọ̀fù rẹ̀ (bálúùnù tó yí túùbù ká nínú ọ̀nà èémí), wọn a sì fi ìka tẹ bálúùnù kékeré tó wà níta wò. A ò ní géèjì. Ṣé ìyẹn tó?
— Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Kò tó, màá. 30 àti 60 cmH2O (ìwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ inú kọ́ọ̀fù fi ń tì) máa ń jọra lábẹ́ ìka. Fọkanáísà Mókọ́là pàápàá ní géèjì. 10 ml náà ò sọ nǹkan kan fún wa: ohun tó bá ọ̀nà èémí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ mu lè ti pọ̀ jù fún obìnrin tín-ínrín.

Ìwọ̀n tí a fẹ́ ni 20 sí 30 cmH2O. Bó bá wálẹ̀ ju 20 lọ, itọ́ àti èébì tó dúró lókè kọ́ọ̀fù á máa jò wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá ju 30 lọ, ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ara ọ̀nà èémí pa. Ibẹ̀ á di egbò, egbò á di àpá, àpá á sì fún ọ̀nà náà pọ̀.

Títí ẹ ó fi rí géèjì kọ́ọ̀fù rà, géèjì aláago ara ẹ̀rọ ìfúnpá lè gbà yín. Ṣùgbọ́n mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá) lòun ń kà: 15 sí 22 lójú rẹ̀ ló dúró fún 20 sí 30 yẹn. Ẹni tó bá gbàgbé, tó gbé e dé 30, nǹkan bí 41 cmH2O ló fún aláìsàn yẹn.

Ẹ mú three-way tí a fi ń pín dírípù. Ẹ so bálúùnù mọ́ ẹnu kan, géèjì mọ́ èkejì, sìrìǹjì mọ́ ẹ̀kẹta. Kí ẹ tó ṣí i sí aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ gbé géèjì dé 20 mmHg. Bí rọ́bà géèjì bá ṣófo, afẹ́fẹ́ kọ́ọ̀fù ni yóò sá wọ inú rẹ̀, itọ́ á sì ti jò kí ẹ tó kà á. Ìgbà tí aláìsàn bá mí síta tán, tí kò húkọ́, ni kí ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ tú gbogbo rẹ̀. Sìrìǹjì tí wọ́n bá gbàgbé sẹ́nu bálúùnù (ó sì wọ́pọ̀ ní wọ́ọ̀dù) kì í jẹ́ kí fọ́ọ́fù rẹ̀ (ìdérí tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró) padé, afẹ́fẹ́ á sì máa yọ́ jáde.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní kété tí wọ́n bá ki túùbù, ní wákàtí 8-8, àti nígbàkígbà tí ẹ bá yí aláìsàn padà tàbí tí ẹ gbé e lọ ya fọ́tò X-ray.

Bó bá dé 30 cmH2O tí èémí ṣì ń jò, ẹ má fi kún un mọ́. Ẹ wo nọ́ńbà ara túùbù níbi eyín: nǹkan bí 21 fún obìnrin, 23 fún ọkùnrin. Ó lè ti sún sókè, kí kọ́ọ̀fù ti há sáàárín okùn ohùn. Dókítà ni kí ẹ pè.

ÌBÉÈRÈ: Ó ti pé oṣù kan tí wọ́n yọ túùbù lọ́fun bàbá wa. Ó ń dún fíìn-fíìn bó bá mí sínú. Ṣé a lè fún un ní àgbo?
— Ọmọ Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ohùn tó há fún ọjọ́ díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ìró fíìn yẹn lè jẹ́ pé ọ̀nà èémí ti ń fún pọ̀. Ẹ gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun lónìí, ẹ sì sọ iye ọjọ́ tí túùbù fi wà lọ́fun wọn.