Bátìrì tó wọ ihò kọ́ ni bátìrì tó yẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ẹ̀rọ géèmù Dreamcast kan, tòkunbọ̀ láti London. Gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án ló ń ní kí n tún ọjọ́ àti aago tò. Ẹni tó ń bá wa tún fóònù ṣe ní bátìrì inú rẹ̀ ló ti kú, pé òun á fi bátìrì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní CR2032 sí i, nítorí bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi. Ẹ̀rù ń bà mí kí ibi tí mo ti dé nínú àwọn géèmù mi má lọ pa rẹ́. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Má gbà fún un, àbúrò mi.

Ká yára yanjú ti ẹ̀rù yẹn ná. Ibi tí o dé nínú géèmù kò sí lọ́wọ́ bátìrì yẹn rárá. Inú VMU ló wà, ike kékeré olójú tí a ń kì bọ inú páàdì, kò sì nílò iná láti fi rántí nǹkan. Bí bátìrì méjì inú VMU fúnra rẹ̀ bá kú pàápàá, ohun tí o tọ́jú ṣì wà níbẹ̀. Aago nìkan ni iṣẹ́ bátìrì inú Dreamcast. Saturn, ẹ̀rọ géèmù tí Sega, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Dreamcast, ṣe ṣáájú rẹ̀, tó jáde ní Jàpáàn ní 1994, ni bátìrì rẹ̀ máa ń kú tí ohun tí a tọ́jú sínú ẹ̀rọ á bá a lọ. CR2032 gan-an ni Saturn sì ń lò: o kàn máa ṣí ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àṣà yìí wọ Dreamcast.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ "bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi" yìí ti sú mi. Ìwọ̀n lásán ni 2032: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, nínípọn rẹ̀ jẹ́ 3.2. Lẹ́tà tó ṣáájú ló ń sọ irú bátìrì tó jẹ́. CR, a lò ó tán, a sọ ọ́ nù. ML ń gba ṣájì. ML2032 ni Sega jó mọ́ bọ́ọ̀dù Dreamcast, nítorí gbogbo ìgbà tí o bá tan ẹ̀rọ náà ló ń fi iná sínú bátìrì yẹn. Bí o bá wá fi CR síbẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé o ti pààrọ̀ nǹkan. Á máa ti iná bọ inú ohun tí wọn kò ṣe láti gba iná. Ó lè wú, ó lè jo, ó lè bẹ́.

Wọ́n á sọ fún ọ pé volt 3 ni àwọn méjèèjì. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe volt là ń bá jà. Wọ́n á tún ní, "Mo ti ṣe é fún èèyàn púpọ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n." Iná tó ń wọ ibẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bàjẹ́ lọ́jọ́ kìíní, nígbà tó bá máa jo, ẹni tó ṣe é ti náwó rẹ̀ tán. Mo ti ṣí irú rẹ̀ rí. Omi bátìrì ti jẹ ojú bọ́ọ̀dù, ihò páàdì méjì kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, torí bọ́ọ̀dù kan náà ló gbé bátìrì àti ihò páàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọkùnrin tó ni ín fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú mi.

ML2032 tó ti ní etí irin méjì lára ni kí o rà. Irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó òjé kò gbọdọ̀ kan ara bátìrì fúnra rẹ̀, etí yẹn nìkan ni. Kí wọ́n wo ojú tó jẹ́ pọ́sítíìfù dáadáa kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́. Àwọn kan ń fi dáyóòdù, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, dí ọ̀nà iná tó ń wọ bátìrì kí wọ́n lè lo CR. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé ìtóbi ló ṣe pàtàkì kọ́ ni màá gbé irú iṣẹ́ yẹn fún. Súkúrúù mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan fara pamọ́ sábẹ́ módẹ́ẹ̀mù, ẹ yọ ìyẹn kúrò ná. Ẹ ti yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára iná fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, nítorí ibi tó ti ń gba iná ṣí sílẹ̀ gbalaja nínú rẹ̀, ó sì lè gbé èèyàn. Mi ò rí ẹ̀rọ rẹ o, ohun tí o kọ ni mo gbé ìdáhùn mi lé. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, máa tún aago tò; géèmù kò ní torí ẹ̀ dúró.

Bátìrì tí ẹ bá yọ, fi téépù wé e tojú tẹ̀yìn, kí o sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Bí ọmọ bá gbé irú rẹ̀ mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ní kó bì í. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, lójú ẹsẹ̀.